“Bí Kò Bá Dá Ọ Lójú, Sọ Pé N”: Lámèyítọ́ Àlàyé Inú Kernel Linux

Ọ̀kan nínú yín tó ti di ẹni ńlá nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, “Prof, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa ní lámèyítọ́, kí lẹ tún ń wá nínú kernel Linux? Ẹ máa ka ìtàn àròsọ yín jàre.” Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ tó dáhùn, torí pé iṣẹ́ lámèyítọ́ gan-an ni mo ń bá kiri níbẹ̀. Ohun tí mo ń kà nínú kernel kì í ṣe kóòdù. Àlàyé ni mo ń kà, ìyẹn àwọn ìpínrọ̀ kéékèèké tí wọ́n kọ fún ẹni tó fẹ́ ṣètò kernel fún ẹ̀rọ tirẹ̀. Àwọn ìpínrọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa kọ láyé wọn lọ, owó àti iṣẹ́ àwọn èèyàn sì wà lọ́rùn wọn, síbẹ̀ mi ò tíì rí ẹni tó jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ka ìwé.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Kernel ni ètò tó wà láàárín àwọn ètò yòókù àti ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Òun ló ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀, òun ló ń gbọ́ ohun tí ẹ bá tẹ̀, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò. (Èkùrọ́ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà túmọ̀ sí, ẹ sì mọ ẹni tó jẹ́ alábàákú rẹ̀.) Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ kernel Linux ní 1991, gbangba ni kóòdù rẹ̀ sì wà títí dòní, débi pé ẹnikẹ́ni lè gbà á, kó kọ́ kernel tó bá ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà lórí tábìlì rẹ̀ mu. Kí ẹ tó kọ́ ọ, ẹ gbọ́dọ̀ ṣètò rẹ̀. Ẹ ó tẹ make menuconfig, pátákó aláwọ̀ búlúù kan á yọ, ìbéèrè á sì bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ dráífà báyìí? Tọ̀hún ńkọ́? Ìdáhùn mẹ́ta ló sábà máa ń wà. Y túmọ̀ sí pé kó wà nínú kernel fúnra rẹ̀. M túmọ̀ sí pé kó dúró lọ́tọ̀ bíi module, kí wọ́n máa pè é wọlé nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dé. N túmọ̀ sí pé ẹ ò fẹ́ ẹ. Gbogbo ìbéèrè tó wà nínú kernel ju 10,000 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ò lè bi yín ní gbogbo wọn tán. Bí ọ̀kan bá rú yín lójú, ẹ tẹ àmì ìbéèrè, àlàyé kan á jáde.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kò nílò gbogbo èyí o. Debian, Ubuntu àti Fedora ti bá wọn dáhùn tán, M ni wọ́n sì fi dáhùn èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè tó jẹ mọ́ dráífà, kí kernel kan lè bá ẹ̀rọ gbogbo ayé mu. Àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe é ni ẹni tó ń lo Gentoo, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kéré tí kò fẹ́ ẹrù tí kò wúlò, ẹni tí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ tuntun ju kernel ọwọ́ rẹ̀ lọ, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni òǹkàwé àlàyé náà. Ẹ fi wọ́n sọ́kàn.

Nígbà kan rí, inú fáìlì gbọọrọ kan ni gbogbo àlàyé náà wà. Configure.help ni wọ́n ń pè é, Axel Boldt sì wà lára àwọn tó tọ́jú rẹ̀. Ní 2002, nínú kernel 2.5.45, ìlànà tuntun tí Roman Zippel ṣe wọlé. Òun ni Kconfig tí wọ́n ń lò títí di òní. Àlàyé kọ̀ọ̀kan tú ká, ó lọ bá kóòdù tirẹ̀ nínú àpò tó wà. Ó bọ́gbọ́n mu, torí pé ẹni tó bá tún dráífà ṣe á rí àlàyé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní máa wá a kiri. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí olóòtú kan tí ojú rẹ̀ ń kọjá lórí gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ẹni tó kọ dráífà ló ń kọ àlàyé. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó kọ nǹkan ni ó máa ń nira fún jù láti rántí ohun tí ẹlòmíì kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Kí n yin èyí tó yẹ ní yínyìn ná. Ẹ lọ sí ibi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ ka èyí tó wà lójú ọ̀nà Realtek. Ó ní bí o bá ní káàdì tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ yìí, sọ pé Y. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀: pé ìdáhùn rẹ sí ìbéèrè yìí kò kan kernel ní tààrà, pé bí o bá sọ pé N, a kàn máa fo gbogbo ìbéèrè tó kù lórí Realtek ni. Ẹ rí i? Òǹkọ̀wé náà mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ẹni tó ń kà á. Ó sọ ohun tí N máa ná an fún un, ó sì jẹ́ òótọ́. Wọ́n lo irú ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn ilé iṣẹ́ yòókù tó wà ní abala náà, n kò sì rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n yí i padà.

Èkejì tó tún dára ni ibi tí wọ́n ti ń béèrè bí kernel á ṣe máa gba àyè lọ́wọ́ iṣẹ́ kan fún òmíràn. Preemption ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò kà á nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ kò dúró sórí orúkọ. Ó ní mú ti àkọ́kọ́ bí o bá ń kọ́ kernel fún sáfà tàbí fún ẹ̀rọ ìṣírò sáyẹ́ǹsì. Mú èyí tó tẹ̀ lé e bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ bóyá sáfà ló wà níwájú òun tàbí kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ohun tí òǹkàwé mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi bi í.

Ó wá ku àwọn tó ti gbó. Ìbéèrè SMP ni ó ń béèrè bóyá kernel á máa lo ju CPU kan lọ. Nínú àwọn ẹ̀dà tí mo ti kà fún x86, àlàyé náà ní bí o bá sọ pé N, kernel á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ oní-CPU kan àti ti oní-CPU púpọ̀, àmọ́ ẹyọ kan péré ni á lò lórí èyí tó ní púpọ̀. Títí débẹ̀, ó dáa. Ó wá parí rẹ̀ pé bí o kò bá mọ èyí tí wàá ṣe, sọ pé N. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́, ẹ̀rọ oní-CPU méjì jẹ́ nǹkan olówó, N sì ni ìmọ̀ràn tó dára jù fún aláìmọ̀. Fóònù tó wà nínú àpò yín lónìí lè ní mẹ́jọ. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn náà gbọ́ lónìí dà bí ẹni tó gba alágbàṣe mẹ́rin tó ní kí mẹ́ta jókòó sábẹ́ igi. Ohun tó ń kó wa yọ ni pé ètò àkọ́kọ́, èyí tí make defconfig ń gbé jáde, ti dáhùn Y kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Àlàyé náà ń sọ pé N, ẹni tó kọ ètò ń sọ pé Y. Àwọn méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni mo ń bọ̀ wá sí yìí.

Àlàyé méjì ló wà tó kan díìsìkì inú láptọ́ọ̀pù òde òní. Ọ̀kan ni ti NVMe. Ó ní dráífà yìí wà fún àwọn SSD tí wọ́n so mọ́ PCI tàbí PCI Express ní tààrà, pé bí o bá mọ̀ pé o kò ní ọ̀kan, kò séwu tí o bá dáhùn N. Èkejì ni ti VMD, èyí tí Intel ṣe. Ibòmíì ni tiwọn, abala PCI ni wọ́n fi í sí, kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ díìsìkì rárá. Ó ní VMD jẹ́ afárá PCI kejì tó ń jẹ́ kí a lè yọ gbòǹgbò PCI Express, pẹ̀lú ohun tí a so mọ́ wọn, kúrò ní àgbègbè PCI àkọ́kọ́ lọ sí àgbègbè VMD, kí ẹ̀rọ lè ní àyè ju èyí tí àgbègbè kan lè gbà lọ. Bí o bá mọ̀ pé ẹ̀rọ rẹ ní ọ̀kan tí nǹkan sì wà lára rẹ̀, sọ pé Y; bí kò bá dá ọ lójú, sọ pé N.

Mo ti tú u sí Yorùbá fún yín bí mo ṣe lè tú u tó. Ó yé yín? Kò yé yín, ẹ̀bi ìtumọ̀ sì kọ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ “díìsìkì” nínú ti VMD, kò sí níbẹ̀.

Ẹ wá fi gbólóhùn ìparí méjèèjì síra, bí mo ṣe máa ń ní kí ẹ ṣe nínú kíláàsì. Nínú ti NVMe, ẹni tó fẹ́ sọ pé N ló gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kan. Bí kò bá mọ̀, á sọ pé Y, ẹ̀rọ rẹ̀ á gbéra. Nínú ti VMD, ẹni tó fẹ́ sọ pé Y ló gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kan. Bí kò bá mọ̀, á sọ pé N, díìsìkì rẹ̀ á pòórá. Láptọ́ọ̀pù kan náà ni, díìsìkì kan náà ni, aláìmọ̀kan kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kan, “mọ̀”, tí wọ́n gbé láti apá kan gbólóhùn sí apá kejì, ló ya àtubọ̀tán rẹ̀ sọ́tọ̀.

N kò ní sọ pé ẹni tó kọ ti VMD jẹ́ aláìbìkítà. Dráífà náà wọ kernel ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, nínú 4.5, nígbà tó jẹ́ pé inú sáfà oní-Xeon ni VMD wà. Ẹni tó ń ṣètò kernel fún irú sáfà bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó rà, ó ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, “bí kò bá dá ọ lójú” kò sì lè jẹ́ tirẹ̀. Òǹkàwé tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn wà nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà sì bá a mu rẹ́gí. Ní 2020 ni Intel mú VMD wọ inú CPU láptọ́ọ̀pù, ìyẹn Core ìran kọkànlá, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù sì ń tan VMD sílẹ̀ nínú BIOS kí ẹ̀rọ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Láti ìgbà yẹn, òǹkàwé àlàyé náà ti di ọmọ iléèwé tó ra tòkunbọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń kà ṣì jẹ́ ti sáfà.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn, ọmọ àdúgbò wa tó ń kàwé gba oyè kejì. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti ìran kọkànlá ni. Ó fẹ́ kernel tó fúyẹ́ fún iṣẹ́ àṣeparí rẹ̀, ó farabalẹ̀ ka àlàyé kọ̀ọ̀kan (ìyẹn ni ẹ óò fi mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni), ìgbà tó sì dé ibi VMD, kò dá a lójú, ó sọ pé N. Kernel rẹ̀ kọ́ láìsí wàhálà. Nígbà tó tan ẹ̀rọ, kernel jáde láti orí díìsìkì náà, ó wá ní òun ò rí díìsìkì. “Unable to mount root fs” ló hàn lójú ẹ̀rọ. Ó gbé e lọ fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹni yẹn gbìyànjú láti fi Windows 10 sí i, Windows náà ò rí díìsìkì, nítorí ẹ̀dà yẹn náà kò mọ VMD láìjẹ́ pé wọ́n fún un ní dráífà lọ́tọ̀. Ó ní díìsìkì ti kú. Ọmọ náà ra òmíràn, owó tó ná sí i tó oúnjẹ oṣù kan fún irú rẹ̀. Tuntun náà ò hàn.

Ẹ má jẹ́ ká tètè dá atúnkọ̀ǹpútàṣe yẹn lẹ́bi. Bí ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá sọ pé díìsìkì kò sí, kí lẹ fẹ́ kó rò? Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé ibo nínú gbogbo àlàyé tí ọmọ náà kà ni gbólóhùn tó hàn sí i lójú ẹ̀rọ ti fara hàn. Kò sí níbì kankan. Àlàyé NVMe tó kà kò dárúkọ VMD, àlàyé VMD kò dárúkọ SSD. Ọ̀nà méjì tó yẹ kó pàdé ni wọ́n là sínú igbó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn tó ń gbèjà N ní ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀, mo sì gbọ́ ọ. Dráífà tí ẹ ò nílò ń gba àyè, ó ń fa àkókò kíkọ́ kernel gùn, ó sì tún jẹ́ ilẹ̀kùn tí olè lè gbà wọlé. Torvalds fúnra rẹ̀ ti bá àwọn tó ń fẹ́ kí dráífà tuntun wọn jẹ́ Y fún gbogbo ayé wí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo ẹni tó kọ nǹkan bá ní tòun ni kó kọ́kọ́ wọlé, ibo la fẹ́ gbé e gbà? Nítorí náà, n kò bá N jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé N kò tóbi bákan náà. N kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá sọ ọ́, kámẹ́rà ò ní ṣiṣẹ́. Ẹ ó rí i, ẹ ó padà, ẹ ó tún un ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ kan. N mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá sọ ọ́, ìta lẹ máa sùn. Àlàyé tó bá fi ohùn kan náà sọ méjèèjì, tó ní “bí kò bá dá ọ lójú, sọ pé N” fún ẹ̀rọ orin àti fún díìsìkì, ti kùnà níbi tí a ti nílò rẹ̀ jù. Gbólóhùn náà ti di àṣà lẹ́nu àwọn tó ń kọ ọ́, bíi “àmín” ní ìparí àdúrà, wọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe tuntun. Kí Kconfig tó wọlé, Eric Raymond ti kọ ìlànà tirẹ̀, CML2, ní èdè Python, ó sì fẹ́ kí ṣíṣètò kernel rọrùn débi pé àǹtí òun kan á lè ṣe é. Àǹtí Tillie ló pe obìnrin náà, ìyá àgbà tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà kò sí níbì kankan, Raymond ló dá a sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002 àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín: kí ni Àǹtí Tillie ń wá nínú kernel? Kó lo èyí tí wọ́n ti kọ́ fún un! Wọn ò gba CML2 wọlé, ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ sì ju Tillie lọ. Lójú tèmi, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ṣi òǹkàwé mọ̀. Tillie kò fẹ́ kọ́ kernel lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárín Tillie àti ẹni tó kọ dráífà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà tí wọ́n mọ kọ̀ǹpútà dáadáa tí wọn ò mọ ẹ̀rọ tiwọn yìí gan-an. Ọmọ àdúgbò wa wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé Tillie lọ, wọ́n rò pé àwọn mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nìkan ló kù nínú ilé.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tó yẹ kí n dárúkọ. Ní 2009, nínú kernel 2.6.32, Steven Rostedt fi make localmodconfig kún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wo àwọn module tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ lọ́wọ́, kó fi ìyẹn dáhùn ìbéèrè, kó sọ pé N sí àwọn module yòókù. Ká ní ọmọ yẹn lò ó nígbà tí kernel Ubuntu rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ni, vmd á ti wà lára ohun tó rí, kò ní ṣubú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì máa ń lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó bá rí ní wákàtí yẹn nìkan ló mọ̀. Bí ẹ ò bá ki flash bọ ẹ̀rọ kí ẹ tó lò ó, dráífà flash lè má sí nínú kernel tuntun yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nínú àpótí. Ẹ so ohun gbogbo tí ẹ ní mọ́ ọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwòkọ ni. Ẹ̀yin náà rántí bí àwòkọ ìdánwò ṣe máa ń rí: ìdáhùn á tọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ ò ní lè sọ ìdí rẹ̀.

Ẹni tó kọ ohun tó sàn jù fún òǹkàwé tí mò ń sọ ni Greg Kroah-Hartman, nínú ìwé rẹ̀ Linux Kernel in a Nutshell, tó jáde ní 2006. Ìwé náà ti pẹ́, ọ̀pọ̀ nǹkan inú rẹ̀ ti yí padà, síbẹ̀ orí tó wà lórí bí a ṣe ń wá dráífà kò tíì gbó. Ó kọ́ni bí a ṣe ń ti ọwọ́ ẹ̀rọ lọ sí ọwọ́ ìbéèrè. Ohun tí a ṣe fún láptọ́ọ̀pù ọmọ yẹn nìyẹn. A fi flash tó ní Linux tuntun tan án, a tẹ lspci -nnk, ìlà kan jáde tó dárúkọ Volume Management Device pẹ̀lú nọ́ḿbà 8086:9a0b. 8086 ni Intel, 9a0b ni ẹ̀yà ara náà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé vmd ni dráífà tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ká ní kò kọ ọ́, a ó wá 9a0b nínú kóòdù kernel, yóò mú wa dé vmd.c, Makefile tó wà nínú àpò kan náà á sì sọ fún wa pé CONFIG_VMD ni ìbéèrè tó ń mú un wọlé. A dáhùn Y. Díìsìkì méjèèjì, ti àtijọ́ àti ti tuntun, ṣiṣẹ́ kẹ́kẹ́.

Nọ́ḿbà mẹ́rin yẹn, ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè sọ, kò sí nínú àlàyé. Bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ kan ṣoṣo tó lè sọ àìdánilójú di ìdánilójú, lspci, kò sí níbẹ̀. Àlàyé náà bá aláìdánilójú pàdé lójú ọ̀nà, ó fún un ní ìdáhùn, kò sì fi ọ̀nà hàn án.

Àwọn kan nínú yín á sọ pé ká túmọ̀ wọn sí Yorùbá ni yóò tán ìṣòro náà. Mo ti rò ó. Àyè ìtumọ̀ wà nínú Kconfig nígbà kan, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2018 nítorí ó ti bàjẹ́, kò sì jọ pé ẹnì kankan ń lò ó. N kò sunkún lé e. Ẹ ti rí i lókè bí ti VMD ṣe rí nígbà tí mo tú u: afárá, gbòǹgbò, àgbègbè. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò yé kò ní lóye Yorùbá rẹ̀. Àtúnkọ ló nílò kó tó nílò ìtumọ̀. Nítorí náà mo tún un kọ, ó sì rèé:

“VMD ti Intel. Bí CPU láptọ́ọ̀pù rẹ bá jẹ́ Intel Core ìran kọkànlá tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, díìsìkì NVMe rẹ lè wà lẹ́yìn VMD. Láti mọ̀, tẹ lspci lórí kernel tó ń ṣiṣẹ́. Bí o bá rí Volume Management Device nínú ohun tó kọ jáde, sọ pé Y. Bí VMD bá wà ní títàn tí o sì sọ pé N, kernel kò ní rí díìsìkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rárá, ẹ̀rọ sì lè má gbéra. Bí o bá sọ pé M, rí i pé vmd wà nínú initramfs. O lè pa VMD nínú BIOS dípò èyí, ṣùgbọ́n Windows tó wà lórí ẹ̀rọ kan náà lè má gbéra mọ́. Bí kò bá dá ọ lójú, tí ẹ̀rọ rẹ sì jẹ́ ti Intel, sọ pé Y.”

Ó gùn díẹ̀ ju tiwọn lọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú abala PCI. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ nínú yín, kó jọ̀ọ́ kàn sí mi, kó sì kọ́kọ́ bá mi wò ó bóyá ìlà tó sọ̀rọ̀ BIOS yẹ kó dúró tàbí kí n yọ ọ́.